Etí Irin ní Ìkòtún

Oníbàárà tó bá wá ṣe géètì ní Ìkòtún nílùú Èkó, orí kìnnìún àti ìyẹ́ ẹyẹ idì ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ọ̀gá wẹ́dà kan ní àdúgbò náà kì í wo ibẹ̀. Ẹ̀yìn irin ló ń yí sókè, etí rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́.

Gáàsì kábáìdì ló fi kọ́ṣẹ́. Omi á kan kábáìdì, gáàsì á jáde, wọ́n á pò ó mọ́ ọ́síjìn, iná rẹ̀ á sì gbóná ju 3,000 digírì Celsius lọ. Nílẹ̀ Faransé ni irú ẹ̀rọ iná bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1903. Ohun tó ń ya ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu ni pé iná yẹn nìkan kọ́ ló ń gé irin: bí irin bá ti pọ́n, ọ́síjìn tí wọ́n tú lé e ló ń jó o. Alumíníọ̀mù kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní 660 digírì, ṣùgbọ́n awọ tín-ín-rín tó bò ó kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 2,000.

Orí páálí ni wọ́n ń ya kìnnìún sí. Wọ́n á gé páálí náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pléètì, wọ́n á fi ẹfun tọ etí rẹ̀. Ojú, imú àti àlàfo irun ni wọ́n ń gé ṣáájú. Bí ẹnìkan bá fi ìta bẹ̀rẹ̀, ooru á ká irin náà, ìlà á sì yẹ̀.

Lẹ́yìn gígé, ìdàrọ́ á lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin. Òòlù ni wọ́n fi ń gbá a kúrò, kí fáìlìn máṣíìnì tó wọlé, kí fáìlì ọwọ́ sì dé kọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kò lè dé.

“Ọ̀gá, ó ti dán.”

“Fi ọwọ́ tọ etí ẹ̀ yíká ná.”

Ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti le bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà kì í dúró dáadáa létí irin tó mú. Ńṣe ló ń sá kúrò níbẹ̀, tí òjò Èkó á sì fi ibẹ̀ dá ìpẹtà sílẹ̀.

Ọ̀gá náà tún fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ní Òṣogbo, tó gbé ayé láti 1918 sí 1993. Bàbà ló kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ kéékèèké. Nígbà tó yá, ó ń fi òòlù lu àwòrán ènìyàn, ẹranko àti igi sára alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, láìfi iná gé ohunkóhun. Ọ̀gá náà ń fi èyí yé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ọnà irin ti wà lọ́wọ́ Yorùbá kí ẹ̀rọ tó dé.

Plásímà ló ń lò báyìí, irú ẹ̀rọ tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1957. Iná mànàmáná àti afẹ́fẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tí kò lè gé nínú irin, bàbà àti alumíníọ̀mù. Àwọn oníbàárà kan tilẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kọ̀ǹpútà ń darí ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n á wá gbé kìnnìún tí wọ́n ti gé wá fún un pé kó bá àwọn jó o mọ́ géètì. Kò ní jó o lọ́jọ́ yẹn. Ó ń gba owó fáìlì lọ́tọ̀, ó sì ń fi àìmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ han oníbàárà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti jó o mọ́ pléètì géètì tán, fáìlì kò ní ráàyè débẹ̀ mọ́.