Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Kámẹ́rà Bàbá

Glasgow,
Scotland.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

  

Mo rí àwọn fọ́tò ìgbéyàwó tí o fi ránṣẹ́. Mo sì gbọ́ pé alátùn-únṣe kan fẹ́ tú kámẹ́rà Nikon FM2 tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa, nítorí pé àwòrán ń ṣe bàìbàì. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì gbà fún un.

Tún àwọn fọ́tò náà wò. Gbogbo èyí tí o fi lẹ́ǹsì 50mm Bàbá yà ló dá ṣáká, ìbáà jẹ́ ojú ènìyàn tàbí ilé tó wà lódìkejì títì. Ká ní ara kámẹ́rà ló bàjẹ́ ni, lẹ́ǹsì yẹn náà ì bá ti fi hàn. Lẹ́ǹsì Helios 44-2 tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nìkan ló ń ṣe bàìbàì, ohun tó jìnnà nìkan ló sì ń rí bẹ́ẹ̀. Ojú ìyàwó tí o sún mọ́ hàn kedere. Gbọ̀ngàn tí o yà láti ẹnu ọ̀nà ṣe bàìbàì.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tí lẹ́ǹsì jókòó sí àti ojú fíìmù. Mìlímítà 46.5 ni ti Nikon láti 1959 tí wọ́n ti gbé kámẹ́rà Nikon F jáde. Helios tìrẹ, tí wọ́n ṣe fún ẹnu M42 tí à ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, mìlímítà 45.46 ló ń fẹ́. Bó ti wù kí òrùka tí o fi so wọ́n pọ̀ tín-ín-rín tó, lẹ́ǹsì náà á fi bíi mìlímítà 1 jìnnà sí fíìmù ju bó ṣe yẹ lọ. Fún lẹ́ǹsì 58mm, ìyẹn ti tó kí ohunkóhun tó bá kọjá nǹkan bíi mítà 3 má lè mọ́ mọ́, bí o tilẹ̀ yí i títí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Yọ fíìmù, ṣí Helios dé f/2, yí i dé òpin, kí o sì wo òpó tẹlifóònù tó jìnnà. Bó bá ṣe bàìbàì nínú ihò tí o ń fojú sí, òrùka náà ni. Lẹ́yìn náà, de 50mm, kí o tún wò ó. Ìgbà tí ohun tí ojú rẹ rí bá mọ́, tí ti fíìmù sì ṣe bàìbàì, ni kí o tó fura sí dígí inú kámẹ́rà. Kí o lè mọ̀ dájú, ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tẹ́ bébà tírésìn sórí irin méjì tí fíìmù ń gbà kọjá, kí o sì fi B ṣí i sílẹ̀: àwòrán á hàn lórí bébà náà ní ìdoríkodò. Má fi ọwọ́ kan àwọn abẹ́ tó ń ṣí tó ń pa dé. Wọ́n tín-ín-rín gan-an.

Fọ́tò tí ohun gbogbo inú rẹ̀ fà gbọ̀ọ̀rọ̀ sápá kan yàtọ̀ sí ìyẹn: ọwọ́ ló gbọ̀n. Má ṣe lọ sísàlẹ̀ 1/60 láìlo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Òrùka tó ní dígí nínú wà, á jẹ́ kí Helios ríran jìnnà, àmọ́ àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ní f/2. Bí owó bá wà lọ́jọ́ iwájú, wá kámẹ́rà Pentax ẹlẹ́nu K, 45.46 kan náà ni tirẹ̀. Ní báyìí, fi Helios sílẹ̀ fún ojú ènìyàn nítòsí, kí o sì fi 50mm ya gbogbo ìyókù níbi ọjọ́ìbí Màmá.

Kámẹ́rà Bàbá kò ní àrùn kankan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kàn án.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.