Yàrá Kan Ń Wo Àwòrán, Yàrá Kejì Ń Wo Òkùnkùn

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá ọkọ àti ìyàwó, mo sì ti rí ibi tí ó ti jẹ owó tí kò yẹ kí ó jẹ. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, tí gbogbo wọn gbójú lé àwo satẹ́láìtì kan ṣoṣo lórí òrùlé. Ti pálọ̀ yóò máa mú dáadáa, ti yàrá ẹ̀yìn yóò sì máa já wẹ́wẹ́, tàbí kí ó dúdú pátápátá.

Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun mẹ́ta ni àwa ènìyàn sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á gun òrùlé lọ láti yí àwo. Àwọn kan á lọ ra dẹ́kódà tuntun. Àwọn mìíràn á wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi nínú ilé: ọmọ tí ó ń fi rimótì ṣeré, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣàn, tàbí ìyàwó ilé. Ẹ̀yin ará, ọ̀nà kẹrin wà, òun ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú. Kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé yàrá náà, kí a tó dá ohun tí ó wà nínú yàrá lẹ́jọ́.

IBI TÍ ÀWÒRÁN TI Ń BỌ̀

Satẹ́láìtì tí ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa wà lókè agbedeméjì ayé, ó sì ga tó nǹkan bí kìlómítà 35,786. Bí ayé ti ń yí ni òun náà ń yí, nítorí náà lójú wa, ń ṣe ni ó dúró sójú kan. Ọdún 1964 ni wọ́n gbé Syncom 3, èyí àkọ́kọ́ nínú irú wọn, lọ sí ibẹ̀. Kí agbára náà tó rin ọ̀nà jíjìn yẹn dé òrùlé wa, ó ti di fẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ àwo ni láti kó o jọ sójú kan. Iṣẹ́ LNB, ìyẹn ohun kékeré tí ó wà níwájú àwo, ni láti gbà á, kí ó fún un lágbára, kí ó sì rán an wọlé gba inú wáyà.

Ẹ kíyè sí i pé títí dé ibí yìí, yàrá kan kò sàn ju yàrá kan lọ. Ohun kan náà ni gbogbo ilé rí gbà láti òkè. Láti ẹnu LNB wá sí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ni ìyàtọ̀ ti ń wọlé.

Wáyà a máa jẹ nínú ohun tí ó ń gbé. Nínú wáyà RG6 tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò, bí agbára náà bá rin nǹkan bí mítà 15, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Bí ó bá di mítà 30, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó kù, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò dára ń jẹ ju ìyẹn lọ. LNB ti fi àlékún sí i tẹ́lẹ̀, nítorí náà wáyà gígùn nìkan kì í sábà pa àwòrán. Ṣùgbọ́n bí a bá tún fi splitter, ohun èlò tí ó ń pín wáyà kan sí méjì, sí àárín ọ̀nà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò ní rí tó ìdajì gbà. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́rin, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò ní rí tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá fi omi tí ó wọ ojú ìsopọ̀ kún un, ẹ ó rí i pé ohun tí ó kù kò tó nǹkan mọ́.

Tẹlifíṣàn ayé àtijọ́, bí agbára bá dínkù, àwòrán rẹ̀ yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n a ó ṣì máa rí i. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbára bá ṣáà ti tó, àwòrán á mọ́ kedere. Bí ó bá fi díẹ̀ péré dín sí iye tí dẹ́kódà nílò, á já. Ìyàtọ̀ àárín yàrá méjì lè má ju díẹ̀ lọ, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa wo fíìmù, kí èkejì máa wo òkùnkùn. Bí òjò ńlá bá dé, tí ó gba díẹ̀ nínú agbára tí ó ń bọ̀ láti òkè, gbogbo yàrá ni òjò náà kàn, ṣùgbọ́n yàrá tí ó ti wà létí bèbè tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣubú.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2021, ìyá mi kó wá sọ́dọ̀ wa, a sì fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀ tí ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Oníṣẹ́ kan wá fa tẹlifíṣàn wọn. Kàkà kí ó fa wáyà tuntun láti òrùlé, ó gé wáyà tí ó ń lọ sí yàrá èmi àti ìyàwó mi, ó fi splitter sí i, ó sì ti ibẹ̀ fa ti Màmá. Ní ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àwòrán àwọn ń lọ. Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Alẹ́ ni, ní àkókò tí ìyàwó mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó wọ yàrá, tí ó tan tẹlifíṣàn. Ìkànnì tí Màmá fẹ́ràn láti máa wo fíìmù Yorùbá á sì pòórá. Màmá kò bínú sí wa lójú, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún àbúrò mi obìnrin pé, "Bí ìyàwó bá ti wọlé ni wọ́n máa ń pa tèmi. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi mí sí, àwòrán ẹ̀yìnkùlé náà ni wọ́n ń fún mi." Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyàwó mi, ó sunkún. Ẹni tí ó ń fún wọn lóògùn láàárọ̀ lálẹ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀! Oníṣẹ́ kejì wá, ó wo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, ó ní dẹ́kódà Màmá ti bàjẹ́, kí a ra òmíràn.

Mo ní kí a má ra ohunkóhun ná. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. A gbé dẹ́kódà Màmá lọ sí pálọ̀, a fi wáyà pálọ̀ sí i: ó mú rekete. A gbé ti pálọ̀ lọ sí yàrá Màmá: ó ṣe àìsàn kan náà. Nípa báyìí, dẹ́kódà ti bọ́ nínú ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà, a fún Màmá ní àga, a sì ní kí ọmọ wa lọ sí yàrá wa lókè, kí ó máa yí ìkànnì bí Màmá bá ti ń pè é. Bí ó bá yí i sí ìkànnì kan, ti Màmá á lọ. Bí ó bá yí i sí òmíràn, ti Màmá á padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé fún wa pé dẹ́kódà kì í kàn gba nǹkan láti òkè. Òun náà ń rán iná kékeré gba inú wáyà lọ bá LNB. Bí ó bá rán volt 13, ó ń béèrè fún apá kan àwọn ìkànnì. Bí ó bá rán volt 18, ó ń béèrè fún apá kejì. Ẹnu kan LNB kò lè dá ẹni méjì lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí yàrá òkè bá béèrè 18, tí Màmá sì béèrè 13, èyí tí ó ga ni LNB ń gbọ́.

Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kì í wá ṣe ọwọ́ ìyàwó mi?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Wáyà ni." Ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n fúnra wọn pe ìyàwó mi sí yàrá wọn. Èmi kò bá wọn wọlé.

Ohun tí a rà kẹ́yìn ni LNB ẹlẹ́nu mẹ́rin àti wáyà tuntun, a sì yọ splitter dànù. Ẹnu kọ̀ọ̀kan LNB ń dá yàrá tirẹ̀ lóhùn, kò sí èyí tí ó ń dí èkejì lọ́wọ́.

BÍ Ẹ Ó TI ṢE ÀYẸ̀WÒ NÍ ILÉ YÍN

1. Ẹ béèrè bóyá gbogbo yàrá ni tàbí ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ gbogbo yàrá, ẹ wo òkè: àwo tí atẹ́gùn yí, igi tí ó ti hù dí i, òjò, tàbí LNB tí ó ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ yàrá kan, ẹ fi àwo sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i nítorí yàrá kan lè ba ti gbogbo ilé jẹ́.

2. Ẹ wo ìwọ̀n méjèèjì tí dẹ́kódà ń fi hàn, Signal Strength àti Signal Quality, ní gbogbo yàrá, lórí ìkànnì kan náà. Àkọ́kọ́ ń sọ bí ohùn ti pariwo tó. Èkejì ń sọ bí ọ̀rọ̀ ti yéni tó. Oníwàásù lè pariwo nígbà tí makirofóònù ń hó, kí ìjọ má gbọ́ ohun tí ó sọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ń fi kún agbára kì í fi í wo àìsàn yìí sàn nígbà gbogbo: ó ń gbé ohùn sókè, ó sì ń gbé híhó náà sókè pẹ̀lú.

3. Ẹ pààrọ̀ dẹ́kódà yàrá méjì. Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí àìsàn bá bá dẹ́kódà lọ, dẹ́kódà ni. Bí ó bá dúró sí yàrá, wáyà ni.

4. Ẹ pa àwọn yòókù, kí ẹ sì yọ wọ́n kúrò lára iná, kí ẹ fi ọ̀kan yẹn nìkan sílẹ̀. Bí ó bá padà bọ̀ sípò, splitter ni kí ẹ fura sí.

5. Ẹ tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ojú ìsopọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́, bóyá bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, bóyá okùn tín-ín-rín kan láti ẹ̀yìn wáyà fara kan ti àárín, bóyá wọ́n ṣẹ́ wáyà kọjú níbi igun ògiri. Ẹ yọ dẹ́kódà kúrò lára iná kí ẹ tó tú wáyà kankan, nítorí volt tí mo sọ yẹn ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ má gun òrùlé nígbà tí òjò bá ṣú.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi yàrá kan kún ilé, ẹ fún un ní wáyà tirẹ̀ láti òkè. Ẹ má gé ti ẹlòmíràn fún un. Kò sí iye tí a lè fi ra ìfọ̀kàntán padà nínú ilé bí ó bá ti bàjẹ́. Ìyá àgbà, ọmọ ọ̀dọ̀, ìbátan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn wọ̀nyí ni a sábà máa ń fi sí ìdí wáyà, wọn kì í sì í lè sọ̀rọ̀ sókè. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ní, "Tèmi kò mú o," ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde lọ wò ó.

Kí àlàáfíà ó wà nínú ilé yín, ní pálọ̀ àti ní yàrá ẹ̀yìn.