Ọ̀jọ́, Báìtì 11

Ọ̀jọ́, lẹ́tà mẹ́ta péré. Okokomaiko, lẹ́tà mẹ́wàá. Ẹ kó àwọn méjèèjì fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ ní kó wọ̀n wọ́n wò. Okokomaiko, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i, báìtì 10. Ọ̀jọ́ tòun tàmì, báìtì 11. A ò mọ èyí nígbà tí a wà ní LASU. Àìmọ̀ yẹn ló dójú tì wá níwájú ìyá kan ní Ìbà.

Àwa méjì là ń gbé yàrá kan ní Okokomaiko nígbà náà, à ń pín laptop tòkunbọ̀ kan tí a rà ní Alaba lò. Ọ̀gá kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Ìbà ló gbé iṣẹ́ fún wa. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n fẹ́ káàdì tí wọn yóò fi sí àyà, kí orúkọ oníkálukú wà lára rẹ̀, kí àmì ohùn sì pé. C là ń kọ́ lọ́dún yẹn, C la sì fi ṣe é. Ẹ má bi wá pé kí ló dé tí a ò lo Excel. Àṣehàn ni jàre.

A fi ìka ka lẹ́tà. Orúkọ tó gùn jù nínú ìwé wọn ni Olúfúnmiláyọ̀: lẹ́tà 12. A fi òdo tí C fi máa ń parí ọ̀rọ̀ kún un, ó di 13. A wá ṣe bí olówó, a kọ char oruko[16]. Nígbà tí káàdì jáde, ohun tó wà lára ti màmá yẹn ni "Olúfúnmiláy", pẹ̀lú àmì ìbéèrè kan nínú dáyámọ́ńdì dúdú nídìí rẹ̀.

Màmá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ayọ̀ mi dà? Ibo lẹ gé e sí?"

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn dá káàdì náà padà sórí tábìlì. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa di ọ̀la.

Nígbà tí Dennis Ritchie ń ṣe C ní Bell Labs ní nǹkan bí 1972, lẹ́tà kan, báìtì kan ni. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, ló jẹ́ kí èdè tiwa náà ráyè wọlé, ṣùgbọ́n ó ní iye tó ń gbà. Ú kan, báìtì 2. Ọ̀ kan, báìtì 5: 3 fún ọ, 2 fún àmì orí rẹ̀. Olúfúnmiláyọ̀ ń fẹ́ 19, àwa fún un ní 15 àti òdo kan. Nígbà tó fi dé orí y, ó ti lo 14. Ẹyọ kan tó kù gba ìdámẹ́ta ọ.

Ìkejì mi ní ká sọ ọ́ di 64, ó tán. Kò tán. Alhaja ń bọ̀, Ìyálóde ń bọ̀, orúkọ ọkọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ni a bá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe buffer tó ń fẹ̀. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa tọ́jú: ibi tó wà nínú mẹ́mọ́rì, iye báìtì tó ti wọlé, àti iye tó lè gbà. Bó bá kún, ẹ pe realloc. Ẹ má fi báìtì kọ̀ọ̀kan kún un o. Ta ló ń kó ilé ní Èkó torí pé ó ra àga kan? Owó ejẹ́ntì, owó àgírímẹ́ńtì! Tí realloc bá ń kó ẹrù ní gbogbo ìgbà, báìtì kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 1,024 yóò mú un da báìtì 523,776 kọ. Tí ẹ bá ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 1,023 ni.

Kíkó ẹrù yẹn gan-an ló tún gbá wa mú. Realloc lè fẹ buffer níbi tó wà. Bí kò bá ráyè, á kó gbogbo rẹ̀ lọ síbòmíràn, á sì dá ibi àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwa ti fi pointer kan sórí orúkọ ìdílé kí oyè tó wọlé. Oyè wọlé, buffer kó lọ, pointer wa ṣì ń kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Ó dà bí ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún wa ní yàrá tí a ti kó kúrò: ẹlòmíràn ṣílẹ̀kùn, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé lórí laptop tiwa, ohun gbogbo ń lọ dáadáa, torí ẹrù àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ọkọ obìnrin mìíràn ló jáde lára káàdì. Ẹ fojú inú wò ó. A yọ pointer yẹn, a fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀: orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀ ní báìtì báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ buffer. Ibi yòówù kí buffer kó lọ, nọ́ńbà náà ń bá a lọ.

A tún rí i pé p = realloc(p, n) tí a kọ kò dáa. Bí realloc ò bá ríbi, NULL ló máa dá padà, ẹrù yín ṣì wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ ti ju kọ́kọ́rọ́ nù. Ẹ fi èsì sínú pointer mìíràn ná, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Màmá gba káàdì tuntun lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra orí ọ̀ ìgbẹ̀yìn yẹn, wọ́n so ó mọ́ àyà, wọ́n bi wá bóyá a ti jẹun.

Láti ìgbà náà, Ọ̀jọ́ la kọ́kọ́ ń tẹ̀ sínú ohunkóhun tí a bá kọ. Strlen á sọ 11, a ó máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fi kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́: Ò tó ti ní àmì orí lára ló kọ́kọ́ tẹ̀, kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ọ̀jọ́ kan náà ló hàn lójú. Strlen ní 9.