Ta Ni Ó Sanwó Fún Ta? Ìtumọ̀ Owó Eré Ìdárayá láti Èdè Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àṣìṣe. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá láti èdè Jámánì sí Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe, yóò tètè mọ èyí. Ìwé atúmọ̀-èdè nìkan kò tó. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ní Yorùbá: Ta ni ó sanwó? Ta ni ó gbà á? Kí ni wọ́n san án fún?

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi tí ó rọrùn bẹ̀rẹ̀. "Preisgeld" ni owó tí àwọn olùṣètò ìdíje fi ń ta ẹni tí ó borí lọ́rẹ. "Prize money" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn bá ní ìdíje tẹ́níìsì kan jẹ́ "mit 100.000 Euro dotiert", ẹni tí ó bá kọ "endowed with" ti sọ ìdíje di ilé-ẹ̀kọ́ tí olówó kan fi ogún sílẹ̀ fún. "The tournament offers 100,000 euros in prize money" ni Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán. Ẹ kíyè sí àmì inú iye náà pẹ̀lú. Àmì ìdánudúró ni àwọn ará Jámánì fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Bí a bá fi "1.500" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ Euro di Euro kan ààbọ̀ lójú òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni "Startgeld". Nígbà mìíràn, owó tí sárésáré san láti forúkọ sílẹ̀ ni: "entry fee". Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó tí àwọn olùṣètò san fún ìlúmọ̀ọ́ká eléré kí ó ṣáà lè yọjú ni: "appearance fee". Ẹ wo ewu ibẹ̀! Ọ̀dọ́ tí ó bá ka ìtumọ̀ òdì lè gbéra nílé pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò fún òun lówó, kí ó dé ẹnu ọ̀nà pápá kí wọ́n ní kí ó mú owó wá.

"Prämie" náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí Ìdíje Ife Àgbáyé ti 1974 tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti àjọ DFB, tí ó ń darí bọ́ọ̀lù wọn, forí gbárí ní Malente lórí "Prämie". Owó Mark 70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fẹnu kò sí bí wọ́n bá gba ife. Àjọ tiwọn ni yóò san án, kì í ṣe FIFA. Nítorí náà, "bonus" ni, kì í ṣe "prize money". Ní 1989, àwọn obìnrin wọn gba ife ilẹ̀ Yúróòpù. Ago àti àwo ìmukọfí ni àjọ kan náà fi ta wọ́n lọ́rẹ! "Prämie" ni wọ́n ń pe ìyẹn náà ní èdè Jámánì. Bí a bá kọ "bonus", òǹkàwé yóò rò pé owó ni, a ó sì ti bo ìwọ̀sí náà mọ́lẹ̀. "Reward" ni ó sàn jù.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, kí ẹ tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní atúmọ̀-èdè, ẹ ní kí wọ́n tọpa owó náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí wọ́n bá ti mọ ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kò ní jìnnà sí wọn mọ́.