Mo Ní Kí Wọ́n Fi Eyín Náà Sílẹ̀

Èmi ni mo ní kí dókítà má fọwọ́ kan eyín ajá mi. Kò sí ẹni tó tì mí sí i. Dókítà náà kò kánjú, kò sì fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi. Ó ṣàlàyé títí ó fi yé mi, mo ní rárá.

Bíńtín lorúkọ ajá náà. Lhasa Apso ni, irú ajá kékeré onírun gígùn tó pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa l'Ékòó báyìí, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàǹdó, nítorí pé ẹni tó ń gbé yàrá méjì náà lè sìn ín. Ó ti ń lọ sí oṣù méje nígbà tí mo gbé e lọ pé kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, kí ajá àdúgbò má baà fún un lóyún. Kí dókítà tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó ká ètè rẹ̀ sókè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Eyín ṣóńṣó méjì ló wà lójú kan ṣoṣo, ọ̀kan tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, èkejì nípọn. Bẹ́ẹ̀ ló rí lápá kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nísàlẹ̀. Irun àti oúnjẹ ti há sáàárín wọn, erìgì ibẹ̀ sì ti pọ́n.

Ó ní eyín 28 ni ọmọ ajá kọ́kọ́ ń hù, pé 42 ló máa ń ní tó bá dàgbà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ti ọmọdé ti ń yẹ̀, tó bá sì fi máa di oṣù méje, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ ti tán. Àwọn ajá kéékèèké bíi Lhasa, Maltese àti Chihuahua ni tiwọn sábà máa ń kọ̀ tí kì í já. Eyín àgbà kò sì ní tìtorí ìyẹn dúró, yóò wá ibòmíràn gbà. Lókè, iwájú ló ń gbà yọ. Nísàlẹ̀, inú ló ń yà sí, ṣóńṣó rẹ̀ á wá dojú kọ àjà ẹnu. "Ṣebí ó máa sùn fún iṣẹ́ abẹ yìí náà ni? Ẹ jẹ́ n yọ wọ́n pọ̀ mọ́ ọn. Oorun kan náà ni, Mọ́mì."

Mo bi í pé èló ló máa fi lé e. Kò tó ìdajì owó iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti wọlé dé, owó epo jẹnẹrétọ̀ ti lọ sókè, mo wá ń sọ nínú ara mi pé eyín ọmọdé kì í ṣe àìsàn. Nígbà tí tèmi já ní kékeré, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, mo jù ú sórí òrùlé, mo sì panu mọ́ kí alángbá má baà rí ojú ibẹ̀. Òmíràn hù. Mo rò pé ti ajá náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú iṣẹ́ abẹ jinná dáadáa. Eyín kò já.

Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo ní pánla tó ń jẹ ni. Bó bá mu omi tán, á máa sín, mo ní eruku ni. Kò fi oúnjẹ sílẹ̀, ìyẹn ló sì tàn mí jù, nítorí èrò mi ni pé ẹranko tí nǹkan ń dùn kò ní jẹun. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde: ènìyàn ni àwọn àgbà fi ń pa á lówe, àmọ́ ajá gan-an ló ń ṣe é. Ebi ń pa á, kò sí bó ṣe máa ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń rún oúnjẹ, á dorí kodò sápá kan, oúnjẹ á máa já bọ́. Mo rò pé bó ṣe máa ń jẹun nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ọkùnrin di ẹnu rẹ̀ mú láti bá a ṣeré, ló bá bù ú jẹ lọ́wọ́. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo na Bíńtín. Mo nà án dáadáa, mo sì so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, mo ní ó ti ya burúkú. Ọmọ ní tirẹ̀ dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò, wọ́n ní ká ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí àrùn dìgbòlugi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà kan náà ló la ẹnu rẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ kan ti gún àjà ẹnu rẹ̀ wọlé. Ihò wà níbẹ̀, ọyún wà nínú ihò, omi tó ń mu sì ń gba ibẹ̀ wọ imú. Òun ló fi ń sín. Dókítà kò bú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ajá yín kò burú o. Ẹnu ló ń dùn ún."

Bó ṣe tún gba abẹ́rẹ́ oorun nìyẹn. Oorun abẹ́rẹ́ kì í wà láìléwu, mo sì ti tìtorí owó díẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Iṣẹ́ eyín náà pẹ́. Gbòǹgbò eyín ṣóńṣó ti ọmọ ajá gùn, ó tín-ín-rín, ó sì tẹ̀. Bí a bá fi ipá fà á, á kán sínú erìgì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mì í títí á fi tú. Eyín àgbà tó gún àjà ẹnu náà kò ṣeé fi sílẹ̀ mọ́, èyí ló sì ba dókítà lẹ́rù jù, nítorí pé nínú ajá kékeré, gbòǹgbò eyín yẹn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú egungun párì níwájú. Párì lè kán. Kò kán. Wọ́n rán ihò náà. Owó tí mo san ju èyí tí mo sá fún lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Dókítà sọ fún mi pé tí wọ́n bá tètè yọ ti ọmọdé, nígbà mìíràn eyín àgbà máa ń padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àsìkò yẹn ni mo fi ṣòfò.

Bíńtín ti kúrò lẹ́yìnkùlé. Ó ń jẹun ní tìrọ̀rùn, ọmọ mi sì ń gbé e sẹ́sẹ̀. Èmi nìkan ló ṣì ń sá fún bí mo bá gbọ́wọ́ sókè.

Obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ Lhasa kan wálé. Mo ká ètè rẹ̀ sókè fún un, mo fi eyín méjì tó wà lójú kan hàn án. Ó ní owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa fi yọ ilé ọmọ rẹ̀ nìkan lòun rí kó jọ. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a san ti eyín. Ọjọ́bọ̀ la ó gbé e lọ.