Orúkọ Àmútọ̀runwá Kọ̀ǹpútà Mi

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ǹpútà ni n ó ti gbé e wá.

Ní ọdún 2012 ni mo dé yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá. Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé. Ọjọ́ Ajé ni kíláàsì àkọ́kọ́. Gbogbo ohùn tí mo ti gbà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà wà nínú ímeèlì mi. Mo so okùn íntánẹ́ẹ̀tì inú yàrá mi mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ibi yòówù tí mo bá fẹ́ lọ, ojú ìwé kan ṣoṣo ni ó ń yọ sí mi: kí n wá fi orúkọ ẹ̀rọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ná. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo gbé ẹ̀rọ mi, ó di ọ́fíìsì àwọn tí ń mójú tó kọ̀ǹpútà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà kan tí a ń pè ní MAC address, tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fún un kí ó tó dé ọjà. Àmì 12 ni nọ́ńbà náà, láti inú 0 dé 9 àti A dé F. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti wá. Mẹ́fà ìkẹyìn jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Títí di ìgbà tí nọ́ńbà yìí bá wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́, ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ yẹn nìkan ni ẹ̀rọ náà yóò máa rí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó fún un ní IP address gidi. Ó ní ó nídìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, nígbà tí àìsàn kọ̀ǹpútà tí a pè ní Blaster jà káàkiri, ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá mọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ wo kò lè mọ ẹni tí yóò ké sí.

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Orúkọ àmútọ̀runwá gan-an nìyí! A kì í pe ẹbí jọ kí a tó mọ ohun tí a ó pe ìbejì. Táíwò àti Kẹ́hìndé ti mú tiwọn bọ̀. IP address ní tirẹ̀ dà bí àga tí a fún àlejò níbi àsè: bí ó bá dìde lọ, ẹlòmíràn lè jókòó sí i.

Mo kọ nọ́ńbà náà sínú fọ́ọ̀mù, mo sì ṣèèṣì kọ B sí ibi tí ó yẹ kí n kọ 8 sí. Ọ̀dọ́kùnrin náà tètè rí i. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra o. Bí àmì kan ṣoṣo bá yí padà, ẹ̀rọ ẹlòmíràn nìyẹn." Mo dúpẹ́, mo tún un ṣe.

Ó wá kan orúkọ èmi tí mo ni ẹ̀rọ. Èmi náà ní àmútọ̀runwá: ìwọ́ ni ó wé mọ́ mi lọ́rùn nígbà tí a bí mi, ìdí nìyí tí mo fi ń jẹ́ Òjó. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ méjèèjì. Fọ́ọ̀mù kọ̀ ọ́, ó fi lẹ́tà pupa bá mi wí. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Kò sí ìyàtọ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Àmì kan kò gbọdọ̀ yẹ̀ lára orúkọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí ìyàtọ̀ lára orúkọ ènìyàn! Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo bínú lọ sílé. Láti ọjọ́ Ẹtì di alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi kọ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo kọ "Ojo", ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ ohùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ òjò, ojo àti Òjó sójú pátákó, mo sì sọ ìtumọ̀ wọn. Mo sọ pé ohùn àárín kì í gba àmì. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ímeèlì mi, tí ẹ̀rọ sì gbé e sára ògiri kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Ọmọbìnrin kan nawọ́: "Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ṣé ojo ni yín ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù ni ó kọ ohun tí ó wà lára ògiri yẹn. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ímeèlì náà ní Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lọ́wọ́ kọ́. Ìwé tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó dá lórí ohùn nínú èdè Yorùbá, orúkọ tí kò ní àmì ohùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ń bá fọ́ọ̀mù jà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi náà ń dá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún ímeèlì mi ṣe. Mo sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì yẹn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, mo ṣàlàyé pé Unicode ní gbogbo lẹ́tà àti àmì ohùn wa. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti àtijọ́ kò ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ènìyàn yóò máa rí lè gba àmì. Ìdajì àkàrà sàn ju àìrí rárá lọ. Mo gbà á.

Lónìí, fóònù tí ó ń lo Android láti orí ẹ̀yà 10 ti ọdún 2019, àti iPhone láti orí iOS 14 ti ọdún 2020, lè fi MAC address tòótọ́ pamọ́ kí ó máa jẹ́ orúkọ mìíràn níbi tí ó bá dé. Ẹ̀rọ ní ìdí tí ó fi ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́: kò fẹ́ kí a máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ta ni à ń sá fún?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ lọ wo orúkọ yín nínú ímeèlì yín lónìí. Bí ẹ bá ti ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀, ẹ má bá fọ́ọ̀mù wí.

Ire o.