Ẹrù Kékeré Tí Ó Wúwo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún tí ìyá mi pé ẹni ọdún 80, níhìn-ín ní Houston, ni ó tó yé mi.

Mo pinnu láti ṣe fíìmù kan nípa ayé wọn, kí a lè fi í hàn níbi àpèjẹ. Ohun tí ó ṣe iyebíye jù nínú rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì VHS kan tí a yà ní Ìbàdàn ní 1994, níbi tí olóògbé bàbá mi ti ń ki ìyá wa ní oríkì. Àwọn ọmọ mi kò gbọ́ ohùn bàbá àgbà wọn rí. Ètò PAL ni wọ́n ń lò ní Nàìjíríà nígbà náà, NTSC sì ni ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ̀rọ fídíò ilé mi kò lè fi kásẹ́ẹ̀tì náà hàn. Oníṣẹ́ kan bá mi dà á sí fáìlì DV. Ìyókù ni fídíò fóònù tí àwọn ẹbí fi ránṣẹ́.

Mo rò pé fáìlì tí ó bá kéré ni yóò yá. Wákàtí kan fídíò DV ń gba nǹkan bíi gigabyte 13. Ti fóònù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fíìmù kan, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní render. Apá ti kásẹ́ẹ̀tì tètè kọjá. Nígbà tí ó dé orí ti fóònù, ó ń wọ́ bí ìgbín. Àpèjẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, iṣẹ́ kò tí ì parí. Ìyá mi rọra bi mí pé: “Ohùn bàbá yín tí o ní a ó gbọ́ dà?” N kò rí ẹnu fi dáhùn.

Kí ni ó fà á? Ẹ rántí ìgbà tí lẹ́tà ni a fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, èyíkéyìí tí ẹ bá mú ni yóò yé yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ pé, “Gbogbo rẹ̀ ṣì rí bí mo ti wí nínú lẹ́tà ìṣáájú, àfi ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́,” ẹ ní láti tú àpótí kí ẹ tó mọ ohun tí ó ń wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fídíò rí. Nínú DV, àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ṣùgbọ́n H.264, tí ó jáde ní 2003, àti HEVC, tí ó jáde ní 2013, tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò, a máa tọ́jú àwòrán kan ní odindi, lẹ́yìn náà wọn a kọ kìkì ohun tí ó yí padà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fáìlì wọn fi kéré. Ìdí nìyẹn náà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe làálàá kí ó tó tú wọn, pàápàá kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò ní ẹ̀yà ara tí a ṣe fún iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Kí ọjọ́ àpèjẹ tó kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí fídíò fóònù padà sí ProRes tàbí DNxHR, nínú èyí tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró. Wọn yóò tóbi, nítorí náà ẹ wá díìsìkì tí ó láàyè. Yíyí wọn padà náà ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tí ó jókòó tì yín nígbà náà. Ẹ má ṣe pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ gbé fíìmù náà jáde ní H.264, kí gbogbo ẹbí lè wò ó lórí fóònù wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a péjọ sí pálọ̀ wa. Ohùn bàbá mi jáde, ìyá mi sì ń dáhùn oríkì wọn bí ẹni pé bàbá jókòó tì wọ́n. Àwọn ọmọ mi dákẹ́, wọ́n ń wo ojú ìyá àgbà wọn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àwọn àlejò tí ó bá bàbá mi gbé ayé, tí wọ́n wá síbi àpèjẹ náà, kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, bí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí yín, ẹ má ṣe dúró de alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.